Bí Delfina Ṣe Gbé Kristi Calamora Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì Vallescura

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú rélùwéè, mo ti sọ ọ́ fún obìnrin tó ń gé irun ìyá mi, mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún àjèjì kan tí kò gbọ́ èdè wa, tó kàn ń mi orí. Ó wá ku ẹ̀yin. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Delfina ni, Delfina Razeto, obìnrin tó ń yan búrẹ́dì ní Calamora, àti ohun tó ṣe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Vallescura lọ́jọ́ ọdún San Venerio, ẹni mímọ́ wọn. Tí ẹnì kan bá ti sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀, kò sọ ọ́ dáadáa.

Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ní Calamora dúró sórí àpáta tí ìgbì òkun ń fọ̀ lẹ́sẹ̀ tọ̀sán tòru. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó kọ́ ọ fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé wá gbàdúrà tòun ti ìgbòkun. Ti Vallescura ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn àpáta ńlá tó ya wá sọ́tọ̀ ló wà. Inú rẹ̀ ga, ó lẹ́wà, mo lè dúró níbẹ̀ títí ebi yóò fi pa mí, àmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré bí ẹnu ahun. Ìgbà tí àwọn ajalèlókun ń dà wá láàmú ni wọ́n kọ́ ọ. Bí wọn yóò ṣe tì í ni wọ́n ń rò, wọn ò ro bí wọn yóò ṣe ṣí i.

Ní etíkun wa, Kristi a máa lọ kí ará. Àgbélébùú ńlá tí a gbẹ́ ère Olúwa sí la ń pè bẹ́ẹ̀. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ kan sì wà tó ń gbé e. Tiwa wúwo ju ọkùnrin sanra kan lọ, òdòdó fàdákà wà ní apá rẹ̀ méjèèjì àti ní orí rẹ̀, ewé fàdákà náà á sì máa dún wínniwínni bí ó bá ń lọ. Ẹni tó ń gbé e kì í fọwọ́ kàn án. Ìgbànú awọ ni yóò sán, ife awọ kan wà lára ìgbànú náà níwájú ikùn, inú ife yẹn ni ẹsẹ̀ àgbélébùú ń wọ̀. Ọwọ́ ẹni tó gbé e á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyókù di ti ẹ̀yìn àti itan àti Ọlọ́run. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ẹnì kan wà tí a ń pè ní aṣípò, òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ gbé Kristi kúrò nínú ife ẹnì kan sínú ife ẹlòmíì.

Bí Kristi abúlé kan bá wá kí ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ ọdún yín, wọn yóò fi abẹ́là ńlá kan sílẹ̀, wọn ò ní tàn án. Ẹ̀yin náà ni yóò tẹ̀ lé Kristi yín, tí ẹ ó gbé abẹ́là náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn lọ́jọ́ ọdún wọn, ibẹ̀ ni a ó ti tàn án. Títí dìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ yín ni yóò dúró sí, funfun báláú, kí gbogbo ayé máa rí i pé ẹ jẹ ará ní ẹsẹ̀.

Abẹ́là Vallescura ti wà lọ́dọ̀ wa kí n tó mọ̀wé kà. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti lọ ṣiṣẹ́ ní Genova tàbí nínú ọkọ̀ òkun. Agbé-Kristi mẹ́ta péré ló kù, gbogbo wọn ni wọ́n ti hewú.

Ẹni tí kì í jẹ́ kí a gbàgbé ni Tecla. Vallescura ni Tecla ti wá, ẹja ló ń tà, àràárọ̀ ló ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wá sí gbàgede wa, ọ̀gangan iwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Delfina ló sì máa ń gbé e sí.

"Ẹ káàárọ̀ o, ará Calamora," ni yóò wí. "Abẹ́là wa ńkọ́? Ara ẹ̀ le?"

"Ó ní ká kí ẹ," Àǹtí Delfina á dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ bá mi nu eruku ara ẹ̀. Tí ẹ ò bá lágbára àtigbé Kristi wá, ẹ sọ ọ́ sínú kẹ̀kẹ́ mi. Mi ò ní gba kọ́bọ̀."

"Kó lè máa rùn bí ẹja ẹ? Rárá o. Ó wù wá bó ṣe wà."

Wọn á rẹ́rìn-ín, Tecla á fún un ní ẹja wẹ́wẹ́, òun á fún Tecla ní focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóróró, tó ṣì ń gbóná, òróró á máa ṣàn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín ni, àmọ́ bí Tecla bá ti lọ, Àǹtí Delfina kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti rí i tó ń gbálẹ̀ ojú kan náà títí bí ẹni tó fẹ́ gbá òkúta jáde.

Yàrá tó wà lókè ààrò ni wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ ló ni ààrò, bàbá rẹ̀ ni Ampelio Razeto, agbé-Kristi tó mọṣẹ́ jù lọ ní gbogbo etíkun yìí nígbà ayé rẹ̀. Òun nìkan ni ọmọ wọn. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹ̀yìn bàbá òun lòun máa ń tọ̀ nínú ìwọ́de, òun sì rò pé gbogbo bàbá ayé ni Jésù ń dúró lé lórí. Nígbà tó gba òróró mímọ́, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ lẹ́bùn, ó ní ìgbànú awọ lòun fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ra yẹtí fún un. Ó gba yẹtí, ó wọ inú ilé búrẹ́dì lọ, kò sì jáde níbẹ̀ mọ́. Obìnrin kúkúrú, ọlọ́yàyà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bí pákó ìlẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun, ó máa ń wálé bí òjò ṣe máa ń rọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé nínú ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Baldo ni olórí ẹgbẹ́, òun náà wà lára àwọn mẹ́ta tó kù, ó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dún ju ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀yin ará, ká má tan ara wa jẹ," ó ní. "Ẹni mẹ́ta ò lè gbé Kristi gba ọ̀nà etí àpáta. A nílò ìkẹrin, a ò sì ní. Ẹ jẹ́ ká dá abẹ́là àwọn èèyàn yìí padà, ká sinmi èébú."

Bàbá Ampelio jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. "Tí a bá dá a padà láìtàn, ó parí nìyẹn. Wọn ò ní wá mọ́, àwa náà ò ní lọ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì á di àjèjì síra wọn. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rántí wa nìyẹn?"

"Ta ni yóò ṣe ìkẹrin nígbà náà? Ṣé ẹ̀yin?"

"Èmi ni aṣípò. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ́ràn. Ẹsẹ̀ ni ò gbọ́ tèmi mọ́."

"Ẹ fún mi ní ìgbànú."

Gbogbo wa yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Delfina ló dúró níbẹ̀, àwo búrẹ́dì ìpàdé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Delfina," Baldo ní, "búrẹ́dì la ní kí o gbé wá. A ò pè ọ́ sọ́rọ̀."

"Mo ti gbé e wá, Bọ̀dá Baldo. Mo wá ń béèrè ohun tí mo máa gbé lọ."

"Obìnrin ò gbé e rí ní Calamora."

"Ọkùnrin náà ò gbé e mọ́ ní Calamora. Ẹ wo abẹ́là yẹn. Ìtìjú ti tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn."

"Ó wúwo."

"Àpò ìyẹ̀fun tí mo ń gbé gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́, ta ló ń bá mi gbé e nínú yín?"

"Ìyẹ̀fun kì í ṣe Kristi."

"Mo mọ̀. Ìyẹ̀fun ò ní àánú."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Bàbá Ampelio ti dìde. Ó lọ síbi ìṣó tí àwọn ìgbànú kọ́ sí, ó mú tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wọ̀n ọ́n mọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìbàdí, ó wá fi ọ̀bẹ lu ihò tuntun sára awọ náà. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Kristi ò béèrè ẹni tó ń gbé òun," ó ní. "Ibi tí òun máa fẹsẹ̀ lé ló ń béèrè." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bí o bá gbé e ṣubú, ojú mi ni o gbé ṣubú. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bí ó bá ti ta búrẹ́dì tán lọ́sàn-án, èbúté ló ń lọ. Òpó ọkọ̀ àtijọ́ kan ni Bàbá Ampelio fún un, ó di òkúta mọ́ ọn lórí, ó sì so ṣíbí káàkiri rẹ̀ dípò ewé fàdákà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, òpó náà wó sínú òkun, Àǹtí Delfina sì tẹ̀ lé e. Àwọn apẹja na ọ̀pá ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n sí wọn.

"Èwo ni ká kọ́kọ́ fà?" ni wọ́n béèrè. "Igi ni àbí ìwọ?"

"Igi. Èmi mọ̀wẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó wò ó bí ẹni wo bọ́ọ̀lù. Bàbá Ampelio ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Àga ló gbé kalẹ̀, ó pa ojú rẹ̀ dé. Ó ní àṣìṣe gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé wọ́n ń wo òkè. "Má wo orí rẹ̀. Nígbà tí o bá máa fi rí i pé ó tẹ̀, ó ti wó. Tẹ́tí sí i. Apá ibi tó bá ti ń dún jù, ibẹ̀ ló fẹ́ ṣubú sí. Gbé ìbàdí rẹ lọ síbẹ̀ kó tó débẹ̀." Òun alára á pa ojú dé, á máa pariwo láti orí àga: "Òsì. Òsì ni mo wí. O ti gbọ́ ọ, o ń jiyàn."

Ó tún kọ́ ọ ní ohun kan tí kò sẹ́ni tó ti ṣe láti ìgbà pípẹ́. Láyé ijọ́un, bí ọkọ̀ bá rì, tí a ò rí òkú àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọn yóò gbé Kristi wá sí èbúté, ẹni tó gbé e yóò kúnlẹ̀ kojú sí òkun, láìfọwọ́ kàn án, yóò sì dìde. Àwọn ọkọ̀ òde òní ò rì mọ́ bíi ti ìgbà yẹn, a dúpẹ́, gbogbo ènìyàn sì ti gbàgbé ìkúnlẹ̀. Bàbá Ampelio ò gbàgbé. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé dúró tí kò mọ̀ ọ́n gbé kúnlẹ̀, ìdajì ló mọ̀," ó ní. Àǹtí Delfina kúnlẹ̀, kò lè dìde. Ó tún kúnlẹ̀, ó dìde dé ìdajì, àwọn apẹja gba òpó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa dìde tán láìsẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà rẹ̀ láìmọ̀.

Ibi tí àwa ìyókù ti wá fẹ́ ba nǹkan jẹ́ rèé. Àwa ará Calamora, bí a bá fẹ́ lọ gbàdúrà, ohun tí a kọ́kọ́ ń rò ni bí a ó ṣe gbayì ju aládùúgbò lọ. Baldo ní tí a bá máa lọ, a ò ní lọ bí aláìní. Gbogbo ilé mú fàdákà wá: ṣíbí ìyá àgbà, yẹtí ẹyọ kan tí èkejì rẹ̀ ti sọnù, ago tí ẹnì kan gbà nínú eré wíwa ọkọ̀. A kó o lọ fún alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Genova, ó sì ṣe òdòdó tuntun sí orí Kristi wa. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa la ẹnu. Òdòdó náà ga ju ti àtijọ́ lọ dáadáa, ó yọ jáde lórí àgbélébùú bí omi tó ń ru. A pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀kùn tiwa ga, Kristi wa sì ń gba ibẹ̀ kọjá láìfi nǹkan kan pè. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rántí ilẹ̀kùn Vallescura.

Ọdún San Venerio bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń ká èso àjàrà. A gbéra lẹ́yìn tí oòrùn yọ, gbogbo wa nínú ẹ̀wù funfun. Ti Àǹtí Delfina jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ó gé e ní ìsàlẹ̀. Fadá gbé abẹ́là títẹ̀ náà mọ́ra bí ọmọ. Ọ̀nà etí àpáta ni wọ́n fún Àǹtí Delfina, níbi tí kò sí ẹni tó ń wò bí kò ṣe ẹyẹ òkun, torí Baldo ní kò yẹ kí àwọn ará Vallescura kọ́kọ́ rí obìnrin. Afẹ́fẹ́ òkun dìde bó ṣe gba Kristi. Ewé fàdákà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí òjò lórí páànù. Àǹtí Delfina pa ojú dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ojú ọ̀nà tí òkun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, obìnrin yìí pa ojú dé, ó ń tẹ́tí, ó ń rìn. Ọkọ̀ apẹja kan tó ń kọjá nísàlẹ̀ fun fèrè. Ìgbà tí a fi dé gbàgede Vallescura, kò sí agbé-Kristi kan nínú àwọn ọkùnrin náà tí kò ti kí i.

Baldo gba Kristi, torí olórí ẹgbẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e wọlé. Gbàgede yẹn nìkan tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wọ rélùwéè: òkúta wẹ́wẹ́ inú òkun, dúdú àti funfun, ni wọ́n tò bí ìdákọ̀ró àti ẹja. Gbogbo Vallescura wà níbẹ̀. Tecla wọ aṣọ aláró kan tí mi ò rí lára rẹ̀ rí, ó dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn onífèrè ń fun fèrè. Baldo rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyangàn, ó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí orí Kristi lè rẹlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀ láyé àtijọ́, ó gbẹ́sẹ̀.

Fàdákà ha òkúta. Ìró rẹ̀ wọ̀ mí nínú eyín.

Ó padà sẹ́yìn. Ó tẹ orúnkún rẹ̀, orúnkún náà ké, ó tún gbìyànjú, fàdákà tún ha àtẹ́rígbà. Àwọn onífèrè dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Baldo," Tecla ní, ohùn rẹ̀ ò ga, "ẹ bọ́ fìlà fún un."

Gbogbo gbàgede bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ yọ òdòdó orí ẹ̀ kó wọlé bí èèyàn. Àbí ọba lẹ gbé wá ni?"

Bẹ́ẹ̀, Kristi tó wá kí ará kì í bọ́ ohunkóhun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá tú u sílẹ̀ níbẹ̀ ti gbà pé òun wá tọrọ ni. A kì í sì í dá a dùbúlẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n kan Olúwa mọ́gi. Bí ó bá sì yí padà láìwọlé, a ò wá. Abẹ́là á bá wa padà sílé, ó sì di títí láé. Òógùn bo Baldo lójú.

"Bàbá Ampelio, a ti ṣe ara wa," ó rọra wí.

"Àwa kọ́," Bàbá Ampelio ní. "Ṣíbí ìyá wa ni."

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Delfina jáde kúrò lórí ìlà. "Bàbá, ẹ gbé e fún mi."

Bàbá rẹ̀ wò ó. Ó wo ẹnu ọ̀nà. "O mọ ohun tó kù ní ṣíṣe?"

"Ohun tí ẹ kọ́ mi ni."

"Orí èbúté pẹrẹsẹ la ti ṣe é. Òkúta wẹ́wẹ́ nìyí."

"Orúnkún tèmi ni, Bàbá. Ẹ gbé e wá."

Bàbá Ampelio nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó di Kristi mú, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ó gbé e kúrò nínú ife Baldo, ó sọ ọ́ sínú ife ọmọ rẹ̀, wẹ́rẹ́ bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Àǹtí Delfina kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó pa ojú dé. Ó kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ òsì.

Ẹ̀rín gé kúrò lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà Vallescura mọ ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu bàbá wọn. Ọkùnrin kan ju sìgá tó ń mu sílẹ̀.

Ó fi orúnkún rìn. Orúnkún ọ̀tún lórí òkúta, orúnkún òsì lórí òkúta. Ewé fàdákà ń dún, ó ń gbé ìbàdí rẹ̀ tẹ̀ lé ìró náà. Orí Kristi wọ abẹ́ àtẹ́rígbà, àyè tó wà láàárín fàdákà àti òkúta ò ju ìka kan lọ. Apá òsì súnmọ́ ògiri jù. Àǹtí Delfina ò rí i, ojú rẹ̀ wà ní pípadé, bàbá rẹ̀ sì ti wà lẹ́yìn, kò lè rí i.

"Sún sí ọ̀tún díẹ̀, Delfina," ohùn kan wí.

Tecla ni. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, aṣọ aláró rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń wo apá Kristi àti ògiri.

"Díẹ̀ sí i. Ó tó. Máa bọ̀. Máa bọ̀, ọ̀rẹ́ mi, o ti ń wọlé."

Ó wọlé.

Inú ibẹ̀ tutù, ó ń rùn bí oyin àti bí koríko òkun. Òpó rẹ̀ ní ìlà dúdú àti funfun títí dókè, àwọn ọkọ̀ kékeré tí àwọn atukọ̀ tó yè bọ́ gbẹ́ láti fi dúpẹ́ sì ń rọ̀ láti àjà. Abẹ́ wọn ni Àǹtí Delfina kúnlẹ̀ sí. Bí kò bá lè dìde, tí ọwọ́ kan bá fi lè kan Kristi, ọwọ́ tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì, títí kan ti aṣípò, ìbẹ̀wò ti bàjẹ́. A rọ́ wọlé tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó jókòó, ará Calamora àti ará Vallescura dà pọ̀ mọ́ra.

"Má kánjú," Bàbá Ampelio ní lẹ́yìn rẹ̀. "Jẹ́ kó dákẹ́ ná."

Ó dúró. Ewé fàdákà ń dún, ó ń dún, ó rọlẹ̀, ó dákẹ́. Ó wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Mo rí itan rẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀wù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, díẹ̀díẹ̀, bí ìyẹ̀fun tó ti gba ìwúkàrà, o ò rí i kó máa wú, o kàn rí i pé ó ti ga. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Orí Kristi wọ àárín àwọn ọkọ̀ kékeré lókè, òdòdó fàdákà kan ọ̀kan, ọkọ̀ náà ń fì síwá sẹ́yìn lórí wa bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ti gbà á. Ó dìde tán. Ó la ojú.

Mi ò lè sọ ariwo tó sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn fún yín. Wọ́n fa aago, aago ò gbọ́ ara rẹ̀. Baldo ń sunkún ní gbangba, ó di mọ́ ọkùnrin Vallescura kan tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà ẹjọ́ ilẹ̀ kan. Kí Baldo tó gbà á padà, Àǹtí Delfina gbé Kristi yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo pẹpẹ, kò kánjú, bí ẹni tó ń pín búrẹ́dì láti ojúlé dé ojúlé. Ibi tó bá dé, àwọn èèyàn á kúnlẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ Vallescura gba abẹ́là lọ́wọ́ fadá, ó tàn án.

"Ó ti wọ́," Tecla ní, ó ń wo abẹ́là.

"Ìwọ náà ti wọ́," Àǹtí Delfina ní. "A ò sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn náà, Tecla ló fi wáìnì àti òróró ólífì wẹ orúnkún rẹ̀ lórí àga kan ní gbàgede, lábẹ́ igi. Orúnkún náà bẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù, ó sì ń jẹ ẹja díndín lọ bí ẹni pé orúnkún ẹlòmíì ni. Gbogbo Vallescura ń gbé àwo wá síwájú rẹ̀.

"Ó ń dùn ẹ́?" Tecla bi í.

"Púpọ̀. Fún mi ní ẹja sí i."

"Ìgbà tó bá yí kàn, àwa la máa wá. Ilẹ̀kùn tiyín ga." Tecla fún aṣọ ìnura. "Wọ́n ní ẹ̀yìn mi le bákan náà. Ṣé bàbá ẹ ṣì ń kọ́ èèyàn?"

Àǹtí Delfina wo bàbá rẹ̀. Bàbá Ampelio ń jẹ àwo rẹ̀ kejì, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Èmi ni mo gbé e sí i nínú ife. Ọwọ́ mi yìí ni." Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Tecla, kò gbójú sókè.

"Kó gbé ṣíbí tirẹ̀ wá," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, bí Tecla bá ti ta ẹja tán, èbúté wa ló ń lọ. Ó ti wó sínú òkun lọ́pọ̀ ìgbà. Àǹtí Delfina máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, òun náà á pa ojú dé, á máa pariwo: "Òsì, Tecla. O ti gbọ́ ọ, o ń jiyàn." Ìgbànú tó wà lórí ìṣó ẹgbẹ́ wa ti pọ̀ sí i, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní Genova ti ń wálé lópin ọ̀sẹ̀. Baldo ní a máa gé òdòdó orí Kristi kù. Gbogbo abúlé ní rárá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹni tó máa gbé e wọ Vallescura, kó kúnlẹ̀.

Tí ẹ bá rò pé mo ń fi iyọ̀ sí i, ẹ má bá mi jiyàn. Ẹ wọ rélùwéè tó lọ́ra, tó ń dúró níbi gbogbo, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Vallescura. Ẹ gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: òkúta dúdú ni àtẹ́rígbà rẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà fàdákà méjì níbi tí Baldo ti gbé Kristi ha á. Fadá fẹ́ nu ún, àwọn ará ibẹ̀ ò gbà. Kí ẹ wá gba ọ̀nà etí àpáta rìn wá sí Calamora kí ọ̀sán tó pọ́n, torí focaccia máa ń tètè tán. Ẹ ra ti òróró àti iyọ̀. Ẹ má bi obìnrin tó ń tà á ní nǹkan kan. Ẹ kàn wo ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá yíjú sí ààrò, kí ẹ wá padà wá lọ́jọ́ ọdún, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.